Ẹ̀yìn Ilé sí Títì: Ìrìn Ayàwòrán-Ilé Kan láti Èkó Padà sí Èkìtì

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo tó bí i lọ́mọ. Ayàwòrán-ilé ni, ọmọ Èkìtì ni, ọ́fíìsì rẹ̀ kò sì jìnnà sí tèmi ní Adó. Ó gbà mí láyè kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ilé yíyà, ṣùgbọ́n ó bá mi ṣàdéhùn: n kò gbọdọ̀ dárúkọ òun, n kò gbọdọ̀ dárúkọ ìlú tí ilé náà wà, n kò sì gbọdọ̀ fi ibi tí èmi fúnra mi ti ṣì í lọ́nà pa mọ́. Ẹ̀rín ló fi sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Àkúrẹ́ ló ti kàwé, ọdún mẹ́rin fún oyè àkọ́kọ́, ọdún méjì fún èkejì. Ó sin ìjọba fún ọdún kan. Ó lo ọdún méjì lábẹ́ ọ̀gá kí wọ́n tó gbà á láyè láti jókòó ṣe ìdánwò iṣẹ́, ó yege, orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé ARCON, ìgbìmọ̀ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1969 láti máa rí sí ìforúkọsílẹ̀ àwa ayàwòrán-ilé ní Nàìjíríà. Nígbà náà ló tó gba èdìdì tirẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ọmọ tó bá wọlé ní ọdún 18, tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò yanṣẹ́ lódì rárá, á ti di ọmọ ọdún 27 kó tó lè fi òǹtẹ̀ lu àwòrán tirẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ má yanṣẹ́ lódì rárá kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọdún mẹ́je ló lò ní Èkó, ní ọ́fíìsì ńlá kan tó ń ya ilé oníjígí fún báńkì. Fún ọdún mẹ́ta nínú méje yẹn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti àtẹ̀gùn nìkan ni wọ́n ń fún un yà. Mi ò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá mọ àtẹ̀gùn yà dáadáa, ó mọ nǹkan kan. Ohun tó ń dùn ún ni pé òun á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, òun á fi jígí bo ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé látòkè délẹ̀, lẹ́yìn náà òun á wá àyè tí wọ́n máa kó ẹ̀rọ amúlétutù sí, kí wọ́n lè máa fi bá oòrùn tí òun fọwọ́ ara òun ṣílẹ̀kùn fún jà. Ó sọ fún mi pé alẹ́ ọjọ́ kan ni òun bi ara òun pé ta gan-an ni òun ń ṣiṣẹ́ fún, oòrùn àbí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ.

Ní 2016, bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì padà wálé. Ogún ọdún ni Ìpínlẹ̀ Èkìtì pé lọ́dún náà tí wọ́n yọ ọ́ lára Oǹdó, ilé sì ń hù káàkiri Adó bí olú. Ó rò pé iṣẹ́ á pọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, bíríkìlà ni ẹni tó fẹ́ kọ́lé máa ń kọ́kọ́ pè. Bíríkìlà á fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, á fi igi fa ìlà sí yẹ̀pẹ̀, ó di ilé nìyẹn. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró ni wọ́n á tó rántí ayàwòrán. "Ẹ bá wa ya nǹkan tí ìjọba máa rí." Owó tí wọ́n ń san fún un kò tó epo jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ lóṣù kan.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe àkọ́kọ́ gbà wọlé. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ àwòrán yà ṣùgbọ́n tí wọn kò ní èdìdì. Wọ́n a máa gbé iṣẹ́ wọn wá kó bá wọn lù ú lóǹtẹ̀, wọ́n á sì ki nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó bi mí léèrè. Mo ní kó máa bá wọn lù ú, kó ṣáà máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lù ú, pé bí gbogbo wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó lu ti ẹni àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ó lu ti ẹnì kejì: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, báríkónì rẹ̀ yọ síta tó mítà méjì, irin inú rẹ̀ kò sì tó. Kí wọ́n tó kun ilé náà, báríkónì ti sán láti etí dé etí. Onílé gbé àwòrán wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó na ìka sí orúkọ tó wà nísàlẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ẹnì kankan kò tí ì dúró lórí ẹ̀. Ó ta mọ́tò kékeré tó gbé bọ̀ láti Èkó kí wọ́n lè wó o, kí wọ́n sì tún un dà.

Láti ọjọ́ náà, kò lu àwòrán ẹlòmíràn lóǹtẹ̀ mọ́. Ebi pa á fún oṣù mélòó kan.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ gíráámà kan wá bá a ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017 pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé, ó rí i bí ìdáhùn àdúrà. Gbọ̀ngàn kan tí ọgọ́ta ọmọ lè jókòó kàwé sí, yàrá ìwé kan, ọ́fíìsì kékeré kan. Ìlú náà wà láàárín òkè, owó ẹgbẹ́ kò pọ̀, ilẹ̀ pupa tó dára sì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún pípẹ́ ló ti ń ro ó pé amọ̀ ni òun máa fi kọ́ ilé tí òun bá kọ́kọ́ rí kọ́. Ó ní àlàyé rẹ̀ lórí: yẹ̀pẹ̀ kì í gbowó ọkọ̀, ó ń pẹ́ kó tó gbóná, àwọn baba wa lò ó.

Ìpàdé wọn àkọ́kọ́ wáyé ní pálọ̀ Alága ẹgbẹ́ náà. Ó gbé fóònù fún wọn. Ó fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Gando hàn wọ́n, ní Burkina Faso, èyí tí Francis Kéré fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ kọ́ fún abúlé tí wọ́n ti bí i, tí wọ́n parí ní 2001. Ó fi ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn hàn wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ Demas Nwoko, ẹni tó ti ń po yẹ̀pẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì tipẹ́tipẹ́. Lóde òní ó rọrùn láti sọ pé àwọn méjèèjì yìí ti di èèyàn ńlá: Kéré gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù lágbo àwa ayàwòrán-ilé, ní 2022, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á, Nwoko gba ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ayé rẹ̀ níbi àfihàn iṣẹ́ ilé yíyà ní Venice ní 2023. Ṣùgbọ́n 2017 la wà yìí, nínú pálọ̀ Alága. Alága wo fóònù títí, ó dá a padà.

"Ọmọ mi, ẹni tó kọ́ eléyìí, ṣé òun náà ló máa wá bá wa tún un rẹ́ tí òjò bá wọ̀ ọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá kan wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín tán.

"Inú ilé amọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mo kàwé kí n má bàa kú síbẹ̀."

Kò sí ẹni tó lè fèsì sí ìyẹn. Òun náà kò fèsì. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi owó ara òun mọ ògiri kékeré kan sí ọgbà ilé ìwé, kí òjò ọdún náà rọ̀ lé e, kí gbogbo wọn fojú ara wọn rí i. Wọ́n gbà, bóyá nítorí pé kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Mo gbà á nímọ̀ràn lọ́jọ́ tó padà dé: fún wọn ní búlọ́ọ̀kù, fún wọn ní fèrèsé àlùmíníọ̀mù, gba owó rẹ, kó o máa lọ. Ìmọ̀ràn mi kejì nìyẹn. Kò gbà á.

Ó mọ ògiri náà ní oṣù kẹrin. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ìdí rẹ̀ ti jẹ sínú bí ìgbà tí eku bá jẹ ìdí àpò gàrì. Àwọn ọmọ ilé ìwé kan fara tì í lọ́jọ́ kan, ìdajì rẹ̀ sì wó. Alága ló pè é lórí fóònù: "Ákítẹ́ẹ̀tì, ògiri yín mà ti ń kí wa o. Ó ti dọ̀bálẹ̀."

Ọjọ́ tó lọ wo òkú ògiri yìí gan-an ni gbogbo nǹkan yí padà, kì í sì í ṣe ògiri ló yí i padà, òjò ni. Kò tí ì dé ìdí ògiri tí òjò fi ká a mọ́ ọgbà. Ó sá wọ kíláàsì tó sún mọ́ ọn jù, níbi tí tíṣà kan ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Páànù lásán ló wà lórí, kò sí àjà lábẹ́ rẹ̀. Bí òjò ṣe le sí i, tíṣà ń pariwo; nígbà tó yá ó dákẹ́, ó ń kọ nǹkan sójú pátákó; nígbà tó tún yá ó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó jókòó. Àwọn ọmọ gbórí lé tábìlì. Ó ju wákàtí kan lọ tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní, "Tó bá ti rọ̀ báyìí, a ti ṣíwọ́ nìyẹn, mà." Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkìtì, ẹ mọ̀ pé láti nǹkan bí oṣù kẹta títí wọ oṣù kẹwàá, ọ̀sẹ̀ tí òjò kò rọ̀ kò pọ̀.

Òjò dá, oòrùn yọ. Ní aago méjì ọ̀sán, ó ṣàkíyèsí pé kò sí tíṣà kankan ní yàrá àwọn olùkọ́. Ó bi ọlọ́dẹ pé ibo ni wọ́n wà. Ọlọ́dẹ rẹ́rìn-ín, ó mú un lọ sí yàrá tirẹ̀ lẹ́yìn ọgbà: ilé ẹrù àtijọ́ kan ni, ògiri amọ̀ tó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, fèrèsé kékeré méjì. Tíṣà márùn-ún ló wà níbẹ̀, méjì ń sùn. Kò sẹ́ni tó ń yin ilé náà. Wọ́n ṣáà ní "ibẹ̀ tutù."

Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun jókòó sórí àpótí láàárín wọn ni òun rí i pé nǹkan tí òun lọ tà ní pálọ̀ Alága kò bá ohun tó ń dá wọn lágara mu. Amọ̀ lòun ń tà. Kò sẹ́ni tó ń wá amọ̀. Ohun tí wọ́n nílò ni ibi tí ọmọ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ sí nígbà òjò, tó sì lè jókòó sí láago mẹ́ta ọ̀sán láìsùn. Òun kò sì tí ì bi ẹnikẹ́ni nípa èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ọlọ́dẹ yẹn náà ló júwe ilé baba tó mọ ilé ẹrù náà. Baba ti lé ní 80 ọdún, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá a wá. Ó fi ọ̀pá gún ìdí ògiri tó wó, ó bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, ó gbé e sí imú.

"Ta ló wa yẹ̀pẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ̀gbẹ́ ibí ni a ti wà á."

"Ilẹ̀ dúdú, ti iṣu ni. Kì í ṣe ti ògiri."

Ó mú un lọ wo ìdí ilé ẹrù. Òkúta ni wọ́n kọ́kọ́ tò níbẹ̀, ó ga dé orúnkún, kí amọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Òkúta kò wọ́n wa ní Èkìtì, ẹ̀yin náà mọ̀. Etí òrùlé náà na ọwọ́ síta débi pé omi tó ń já bọ́ látorí páànù kì í ta padà sára ògiri. Ògiri tirẹ̀ ńkọ́? Orí ilẹ̀ lásán ló gbé e lé, etí òrùlé rẹ̀ kò sì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ rẹ̀: àwọn lébìrà tò búlọ́ọ̀kù náà sínú oòrùn kó tètè gbẹ. Búlọ́ọ̀kù tó bá ti ní sìmẹ́ńtì nínú, abẹ́ ọ̀rá ló yẹ kó wà, kó máa rí omi, ó kéré tán ọjọ́ méje, kó sì tó 28 kí wọ́n tó di ẹrù lé e. Ó mọ èyí. Ó kọ ọ́ nínú ìdánwò. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń tò ó.

Nígbà tí Baba ń lọ ló yíjú padà: "Ẹ ẹ̀ ní í ṣe àjà sí i ni?" Ó ní àjà, ìyẹn igi tí wọ́n tò, tí wọ́n sì fi amọ̀ tẹ́ lórí, ni àwọn fi ń kọ́lé láyé àwọn, torí iná. Bí koríko orí ilé bá gbiná, ẹrù inú ilé á yè. "Òjò kì í sì í dún níbẹ̀."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ọmọ yìí ti ka ìwé nípa àjà amọ̀ tí wọ́n fi yọ ooru kúrò nínú kíláàsì ní Burkina Faso, ó mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba àárín àjà àti páànù kọjá. Abẹ́ irú àjà kan náà ló sì ti sùn nílé ìyá bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò so méjèèjì pọ̀ rí.

Ìpàdé kejì kò wáyé ní pálọ̀ Alága. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sí kíláàsì, aago méjì ọ̀sán, láàárín oṣù kejì 2018 tí ooru ń mú gan-an. Kò tí ì sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Alága fi ṣí fìlà, tó ń fi ìwé àjẹńdà fẹ́ra. Ó ní kí wọ́n dìde, ó kó wọn lọ sí yàrá ọlọ́dẹ. Kò dárúkọ amọ̀. Ó ní ibi tó tutù báyìí, tí òjò kì í sì í bo ohùn mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ni òun fẹ́ kọ́ fún àwọn ọmọ. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wo òkè. Màmá ló sọ̀rọ̀.

"Ṣé àjà lo fẹ́ ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ulé baba mi ní àjà," ló sọ, lọ́nà ti ìlú rẹ̀, kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́ lọ́jọ́ náà. Alága ní kó lọ gbé àwòrán wá.

Èyí tó kàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó da yẹ̀pẹ̀ láti ibi mẹ́rin sínú ike omi mẹ́rin, ó bomi sí i, ó mì í, ó gbé e kalẹ̀ mọ́jú: iyanrìn á rọ̀ sísàlẹ̀, amọ̀ tó kúnná á wà lókè, èèyàn á fi rúlà wọ̀n ọ́n. Èyí tí iyanrìn rẹ̀ ju ìdajì lọ dáadáa, tí amọ̀ rẹ̀ sì tó láti dì í mú, ló mú; ìsàlẹ̀ ilẹ̀ dúdú ni wọ́n ti wà á, bí mítà kan sísàlẹ̀. Wọ́n kù ú, wọ́n po sìmẹ́ńtì mọ́ ọn, ìdá 6 nínú 100. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù, fóòmánù gbọ́dọ̀ di yẹ̀pẹ̀ náà sínú ẹ̀kúnwọ́, kó jẹ́ kó bọ́ láti ìbàdí rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá fọ́ yángá, kò mumi tó. Tó bá lẹ̀ pẹlẹbẹ, omi ti pọ̀. Tó bá pín sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí fóòmánù yẹn lọ́jọ́ kan tó ń ṣe é láìsí ẹni tó ń wò ó, ó sì dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo àwòrán tó wà ní ọ́fíìsì mi lọ. Ògiri ìdánwò kejì jókòó sórí òkúta, ó gba gbogbo òjò 2018 sára, kò yẹ̀.

Ìjà tó tẹ̀lé e ni ti ojú ilé. Títì wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló fẹ́ kí ilé náà gùn lọ lẹ́bàá títì, kí ẹni tó ń kọjá rí i látòkèèrè. Ọmọ wa yí i padà: ìhà kúkúrú sí títì, ìhà gígùn sí àríwá àti gúúsù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Níbi tí Èkìtì wà lórí ilẹ̀ ayé, oòrùn ọ̀sán gangan ń gba orí wa kọjá, òrùlé ló ń lù. Èyí tó ń wọlé sí ara ògiri ni ti òwúrọ̀ láti ìlà-oòrùn àti ti ìrọ̀lẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ọmọ sì ń kàwé láago méjì sí márùn-ún. Ẹni tó bá fi ìhà gígùn kọjú sí títì yẹn ti fi ọgọ́ta ọmọ sínú ààrò.

"Ṣé ẹ̀yìn la máa wá kọ sí títì ni?" Alága bínú gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ìhà Alága ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo sọ fún ọmọ yìí pé oníbàárà tó ń wá iyì, kò yẹ kéèyàn máa fi oòrùn bá a jà.

Ohun tó ṣe sí i ni mo rò pé ó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Kò bá wọn jà lórí iyì, ó wá ibi tí iyì máa jókòó sí. Ó fa ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde níhà kúkúrú tó kọjú sí títì, ó sì ní kí wọ́n lọ wá agbẹ́gilére kí ó gbẹ́ òpó kan ṣoṣo sí àárín rẹ̀. Ó rán wọn létí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n, tó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkéré. Òpó kan lára àwọn tó gbẹ́ síbẹ̀, Chicago ló wà lónìí. Ilẹ̀kùn ní tirẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé e lọ síbi àfihàn ńlá wọn ní Wembley ní 1924, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọn kò fẹ́ dá a padà. Ògògà kọ̀ láti tà á, ṣùgbọ́n ó gba àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní ilé ọnà wọn ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Alága mọ ìtàn náà ju ọmọ wa lọ, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Nígbà tó fi máa parí, ó ti di pé òun ló dábàá òpó.

Owó tán ní àárín 2019, ní ìpele lẹ́ńtù, ìyẹn nígbà tí ògiri dé orí fèrèsé. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ dá owó, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí i: kí wọ́n rẹ́ ilé náà, kí wọ́n kùn ún ní funfun, kí wọ́n fi fèrèsé àlùmíníọ̀mù tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i. Ó jókòó sí ọ́fíìsì mi lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìwé kan, ó fa ìlà sí àárín rẹ̀. Apá kan ni ohun tó lè lọ, apá kejì ni ohun tí kò gbọdọ̀ lọ. Àgbàlá àárín ilé, tó fẹ́ràn jù, ló kọ́kọ́ kọ sí apá àkọ́kọ́. Owó rẹ̀ ti pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà kí wọ́n rẹ́ ògiri tó kọjú sí títì, kí wọ́n sì kùn ún ní funfun. Ohun mẹ́rin ló wà ní apá kejì: àjà, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìhà tí ilé kọjú sí, àti fèrèsé. Ó ṣe fídíò kékeré ránṣẹ́ sí wọn nípa fèrèsé: ó dúró nídìí èyí tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí i tán, ó sì fi ọwọ́ hàn wọ́n pé ìdajì ojú fèrèsé náà ṣì wà ní pípadé, torí pé jígí kan ń lọ sẹ́yìn èkejì ni. Ìdajì afẹ́fẹ́ lẹ fi owó yín rà. Wọ́n fi lúfà sí i.

Ní ti owó tirẹ̀, ó ti yí àdéhùn padà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò gba owó orí àwòrán nìkan mọ́. Ìpele iṣẹ́ ló pín in sí: ìpìlẹ̀, ògiri, àjà, òrùlé, àti ọjọ́ tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ń san án bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá ti dé, ó sì gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Látorí báríkónì ló ti kọ́ ìyẹn, ó sì tún un kọ́ látorí búlọ́ọ̀kù tó gbẹ sínú oòrùn.

Wọ́n ṣí ilé náà ní oṣù kejìlá 2019. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lé e lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo wà níbẹ̀. A gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń rọ iyanrìn sílẹ̀ nílé kejì ni. Ọmọ kan ń ka ìwé sókè fún ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn tíṣà kúrò ní yàrá ọlọ́dẹ, wọ́n kó àga wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tuntun, débi tí àwọn ọmọ fi fẹjọ́ wọn sun pé wọn kò rí ibi jókòó sí níta mọ́. Ó ti kọ́ ilé mẹ́ta mìíràn láti ìgbà náà. Ọ̀kan ṣoṣo ló fi amọ̀ kọ́ nínú wọn. Bí ẹ bá bi í pé kí ni èrò rẹ̀ nípa ilé, kò ní dárúkọ amọ̀ fún yín. Á bi yín pé aago mélòó lẹ máa ń jókòó sínú ilé yín, ibo lẹ sì máa ń jókòó sí.

Nǹkan ti yí padà ní ọ́fíìsì tèmi náà. Àwòrán kì í jáde lọ́dọ̀ wa mọ́ kí ẹnì kan tó lọ jókòó sórí ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò àti lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán gangan. Èdìdì mi wà nínú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́, òǹtẹ̀ kò sì kan àwòrán tí n kò bá mọ bíríkìlà rẹ̀. Oníbàárà tó bá ní òun fẹ́ kí ilé òun kọjú sí títì, mo kọ́ láti béèrè ohun tó fẹ́ kí títì rí, torí nígbà mìíràn òpó kan lásán ló ń wá. Tí ògiri ìdánwò bá wó, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ti ọmọ yìí ṣì wà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé náà, èyí tó kù nínú rẹ̀ kò ju orúnkún lọ mọ́, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ.

Ilé náà kò pé. Yàrá ìwé máa ń tutù jù nígbà òjò, ìwé tó wà ní ìsàlẹ̀ pátá sì ń hu funfun. Ihò afẹ́fẹ́ tó fi síbẹ̀ kò tó, ó sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Àdán wá wà níbẹ̀. Ní 2020 tí wọ́n ti ilé ìwé pa nítorí kòrónà, nẹ́ẹ̀tì tó dí àyè tó wà láàárín àjà àti páànù já ní igun kan, kò sẹ́ni tó rí i. Nígbà tí àwọn ọmọ fi máa padà dé, àdán ti sọ ibẹ̀ di ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lé wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti padà. Ibẹ̀ tutù, òjò kì í sì í dún níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti òun máa gun àkàbà lọ wò ó, a ó mú nẹ́ẹ̀tì onírin dání.